Tí ẹbí bá bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀, ta ló yẹ kó jìyà? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì lọ́yà kan níbí n'Íléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi kọ́ ni lọ́yà, èmi ni mo máa ń jókòó síwájú tí mò ń gbọ́ ẹnu àwọn èèyàn kí wọ́n tó wọlé lọ bá ọ̀gá. Láti Ẹrẹ́jà, láti Ìsọ̀kun, láti Ìbòkun, láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, láti Ifẹ̀ pàápàá ni wọ́n ti ń wá, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé wá: ọmọ wa, tàbí ẹ̀gbọ́n wa, tàbí bàbá wa ló ṣe nǹkan burúkú, a mọ̀, a ò sọ, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí wa? Màá sọ èrò tèmi síbẹ̀ bí mo ṣe ń dáhùn. Ẹni tó fọ ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́ torí pé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ilé, ẹ̀bi wọn ò lè dọ́gba, ohun tí ọwọ́ kálukú ṣe ló sì yẹ kí òfin máa wò, kì í ṣe orúkọ ìdílé.

Kí lòfin ń pè ní bíbo ọ̀ràn mọ́lẹ̀ gan-an?

Criminal Code tá à ń lò níhìn-ín l'Ọ́ṣun, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù náà ń lò, ló sọ ọ́. Abala 10 ní ẹni tó bá gba ọ̀daràn sílé tàbí tó ràn án lọ́wọ́, tó sì mọ̀ pé ó ṣe é, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà, òun náà ti ní ẹjọ́ tiẹ̀ láti jẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé níbẹ̀ o: pé ẹ mọ̀, pé ẹ ṣe nǹkan kan, àti pé torí kó má bàa jìyà lẹ ṣe ṣe é. Tí ọmọ yín bá wá sílé lálẹ́ tó ní ebi ń pa òun, tẹ́ ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ ò sì mọ nǹkan kan, ẹ ò ṣẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀, tẹ́ ẹ wá fún un lówó mọ́tò kó lè kọjá sí Cotonou, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ lè gba lọ́yà fún un, ẹ lè gbé oúnjẹ lọ fún un ní téṣàn, ẹ lè bá a gbàdúrà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù ẹ̀ lásán.

Tí mo bá kàn dákẹ́ ńkọ́, tí mi ò ṣe nǹkan kan?

Lọ́pọ̀ ìgbà, dídákẹ́ nìkan kì í sọ yín di ọ̀daràn. Àwọn ọ̀ràn kan wà tí òfin sọ pé dandan ni kẹ́ ẹ sọ, bí ìṣọ̀tẹ̀ síjọba àti ìpániláyà. Ẹ sì má gbàgbé pé tí nǹkan náà bá ń lọ lọ́wọ́, tàbí tí wọ́n ṣì ń gbèrò ẹ̀, tẹ́ ẹ sì mọ̀, ẹ ò lè jókòó ti ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ ní kò kàn yín, ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ohun tó bá ṣeé ṣe láti dá a dúró, torí òfin ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé irọ́ náà jẹ́ ara ìdákẹ́. Kì í ṣe ara ẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè 1999, abala 35, fún ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́tọ̀ọ́ láti má sọ̀rọ̀ títí tó fi máa rí lọ́yà ẹ̀ tàbí ẹni tó bá fẹ́, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ yín, ní gbangba, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ sọ pé Èkó ló wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá ẹ̀yìn ló ń sùn, ìyẹn ti kúrò ní ìdákẹ́, ìrànlọ́wọ́ ni.

Ìyà wo ló wà níbẹ̀?

Tó bá jẹ́ ìpànìyàn ni, ẹni tó ran apànìyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Tó bá jẹ́ ọ̀ràn ńlá míì tí òfin ò dá ìyà tiẹ̀ sọ́tọ̀, ọdún 2 ni. Ẹni tó bá ohun tó lè jẹ́ ẹ̀rí ní kóòtù jẹ́ tàbí tó gbé e pamọ́, ọdún 3. Ẹni tó bá ṣe òkú èèyàn ní ohun tí kò yẹ, ọdún 2. Ẹni tó bá sin ọmọ tuntun tó kú ní ìkọ̀kọ̀ káwọn èèyàn má bàa mọ̀ pé wọ́n bí i, ọdún 2 náà.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àánú àti ìdájọ́ òdodo ti ń wọlé: ibi tó ga jù ni iye ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ibi tí òfin ti sọ pé adájọ́ gbọ́dọ̀ fún gbogbo èèyàn ní gbogbo ẹ̀. Apànìyàn fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá ti dá a lẹ́bi, ikú ni òfin sọ, adájọ́ ò lè dín in. Àmọ́ ìyá tó gba apànìyàn sílé, adájọ́ lè fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére, ó lè fún un ní ọdún 3, ó sì lè dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá rí ìdí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí lọ́yà bá sọ fún adájọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá èèyàn lẹ́bi ṣe ṣe pàtàkì, tó sì ń bí mi nínú tí mo bá rí lọ́yà tó kàn dìde tó ní "kóòtù, ẹ ṣàánú ẹ̀" tó sì jókòó, kò sọ ọjọ́ orí ìyá yẹn, kò sọ pé òun fúnra ẹ̀ ló mú ọlọ́pàá lọ síbi tí àdá wà.

Ìyàwó tó bo ọkọ ẹ̀ ńkọ́?

Òfin yọ tọkọtaya sílẹ̀. Ìyàwó tó gba ọkọ ẹ̀ sílé tàbí ọkọ tó ran ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ ọ̀daràn lójú abala 10. Bàbá, ìyá, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, kò yọ ìkankan nínú wọn.

Àmọ́ òfin yẹn fúnra ẹ̀ sọ irú ìyàwó tó ń wí: ti ìgbéyàwó onígbàgbọ́, ìyẹn ọkùnrin kan obìnrin kan. Ẹ wá wo àdúgbò wa. Obìnrin tí wọ́n gbé ẹrù ìyàwó ẹ̀ wá, tí wọ́n san owó orí ẹ̀, tó ti bí ọmọ mẹ́rin nílé yẹn, tí kò lọ sí kọ́tú fún ìgbéyàwó, òfin ò dá a mọ̀ níbẹ̀ yẹn. Obìnrin Mùsùlùmí tí ààfáà so yìgì fún náà kò sí níbẹ̀. Òun lè gba ẹ̀wọ̀n gbére lórí ohun kan náà tí obìnrin tó ní sátífíkéètì á ti lọ sílé rẹ́rẹ́. Mi ò rí òdodo kankan nínú ẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ti tún tiẹ̀ ṣe, ó ti ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí mọ́ ìgbéyàwó tó bá di ọ̀rọ̀ kí ọkọ àti ìyàwó jẹ́rìí, nítorí náà ó ṣeé ṣe, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Óṣogbo lè tún ti Criminal Code náà ṣe tí wọ́n bá fẹ́.

Ọmọ mi sá lọ, wọ́n wá mú èmi. Ṣé ó tọ̀nà?

Kò tọ̀nà rárá. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba, òfin ACJA ti 2015, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, náà ti sọ ọ́ ṣáájú: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú èèyàn kan dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Tí ẹ̀sùn kan bá wà lọ́rùn yín fúnra yín, pé ẹ̀yin lẹ gbé e pamọ́, kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì gbé yín lọ sí kóòtù láàárín wákàtí 24 tí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, láàárín ọjọ́ méjì níbi tí kóòtù ò bá sí nítòsí, àfi tí kóòtù bá rí i pé ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iléṣà sì ní kóòtù májísíréètì àti kóòtù gíga, kò sí àwáwí.

Mo ti rí i ní téṣàn kan rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Màmá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó, ó di gèlè ẹ̀ mọ́ ìdí, kúlà oúnjẹ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kó ṣí, nígbà tí ọlọ́pàá ń kọ nǹkan sórí fúlúsíkáàpù lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ọ́ tán, ó ti tádà síwájú màmá, ó ní "ẹ tẹ̀ka síbí". Màmá ò kàwé. Ó ti àtàǹpàkò sínú tádà yẹn ó sì tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n nawọ́ sí, ó tún fi etí aṣọ ẹ̀ nu ọwọ́, ó ní "ṣé mo lè máa lọ báyìí?" Nínú ìwé yẹn, nígbà tí ọ̀gá wa gba ẹ̀dà ẹ̀, wọ́n kọ pé òun mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ òun fẹ́ lọ jalè, òun sì súre fún un. Màmá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka yẹn ló gba gbogbo àkókò ní kóòtù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ tó jalè mọ́. Nítorí náà tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi sọ̀rọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá kí wọ́n tó túmọ̀ ẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí yín létí níṣojú ẹni tẹ́ ẹ gbọ́kàn lé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹbí méjèèjì ti gbà láti yanjú ẹ̀ nílé, wọ́n ti fún wa lówó. Kí ló kù?

Eléyìí ni wọ́n ń bi wá jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí.

Bó ṣe máa ń lọ, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Àbúrò bàbá ti ṣe ọmọdébìnrin kan níṣekúṣe. Ọmọ sọ fún ìyá, ìyá pariwo, wọ́n ní kó má pariwo. Ọjọ́ kejì ìpàdé ẹbí, àga kíláàsì mẹ́jọ yí pálọ̀ ká, máàtì lórí tábìlì, obì, olórí ẹbí jókòó ní kọ̀rọ̀, gbogbo ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pé ojú ọmọ yẹn ló máa bàjẹ́, pé ta ló máa fẹ́ ẹ, pé ẹ̀jẹ̀ kan ni wá. Wọ́n wá mú ẹnifílóòpù jáde, wọ́n ní kí bàbá ọmọ gbà á láti fi tọ́jú ọmọ. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn, àwọn méjì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ fúnra ẹ̀ ní nǹkan kan, ó wà nínú yàrá.

Nǹkan tí òfin ń pe ìpàdé yẹn ni ọ̀ràn. Abala 127 nínú Criminal Code sọ pé ẹni tó bá béèrè, tó bá gbà, tàbí tó bá gbà láti gba owó tàbí àǹfààní kankan kó lè bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀, tàbí kó má gbé ẹjọ́ lọ, tàbí kó fi ẹ̀rí pamọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 wà fún un tó bá jẹ́ ọ̀ràn tí ìyà ẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, ọdún 3 fún àwọn ọ̀ràn ńlá tó kù. Ìfipábánilòpọ̀ sì rèé, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Bíbá ọmọdé lò pọ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 tí Ọ̀ṣun náà ti sọ di òfin ìpínlẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ẹ wá rí i pé ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí yẹn, tẹ́ ẹ fi pamọ́ sínú àpótí pé ó máa gbà yín lọ́jọ́ kan, òun gan-an ni ẹ̀rí tí agbẹjọ́rò ìjọba máa fi mú yín.

Àdéhùn yẹn ò sì dá nǹkan kan dúró. Ọ̀ràn ńlá, ìjọba ló ni ẹjọ́ ẹ̀, kì í ṣe bàbá ọmọ, ẹbí ò ní àṣẹ láti dárí ji ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀.

Ta ló yẹ kó jìyà jù nínú pálọ̀ yẹn? Lójú tèmi, ẹni tó pe ìpàdé, ẹni tó gbé owó wá, ẹni tó kọ ìwé. Bàbá tó gba ẹnifílóòpù náà tẹ̀ lé wọn, ìyà tiẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré torí ọmọ ẹ̀ ló tà. Ìyá tó pariwo tí wọ́n ní kó jókòó, tí wọ́n ní tó bá lọ téṣàn kó kó ẹrù ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọ̀daràn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó yẹ kó jà, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé, oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń dẹ́rù bà á, ìjà wo lẹ ní kó jà?

Tí Owá tó jẹ́ ọba Iléṣà, lọ́jà tó jẹ́ olórí abúlé, pásítọ̀ tàbí ààfáà bá ti parí ẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n lè parí ìjà ilẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè, ìjà tọkọtaya. Ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, ìdigunjalè, ìjínigbé, kò sí láàfin, kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọdé tó wà nílé tó mọ̀, ṣé wọ́n lè mú un?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, òfin ò ní ẹ̀sùn kankan fún un. Láti 7 sí 12, àfi tí wọ́n bá fi hàn pé ó mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe kò dáa. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní kó lọ da aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ sínú kànga, àwa àgbà ló yẹ kí wọ́n bi ní ìbéèrè.

Ṣé "wọ́n ní kí n ṣe é" lè gbà mí, èmi tí mo ti dàgbà?

Kò lè gbà yín pátápátá. Ẹ rántí akẹ́kọ̀ọ́ MBA OAU tó kú ní hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Ífẹ̀ ní November 2021, ẹjọ́ yẹn kì í ṣe tẹbí, ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì àtàwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n gbé dé kóòtù gíga Ọ̀ṣun, ìdájọ́ sì jáde ní May 2023. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà níbẹ̀ ò dúró lórí ìpànìyàn nìkan, ohun tí wọ́n ṣe sí òkú ọmọ ọlọ́mọ náà wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀gá rán ni, iṣẹ́ tí bàbá rán ni, tí ọwọ́ yín bá ti kàn án ẹ máa dáhùn. Ibi tí àṣẹ yẹn ti wúlò ni ìgbà tí adájọ́ bá ń wọn ìyà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹnì kan dúró tì yín, tó ń halẹ̀ ikú ojú ẹsẹ̀ mọ́ yín, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, òfin lè torí ẹ̀ dá yín sílẹ̀ lórí àwọn ọ̀ràn kan.

Báwo ló ṣe yẹ kí adájọ́ wọn ìyà ẹbí?

Èrò tèmi nìyí o, mo sì ti rò ó fún ọjọ́ pípẹ́ lórí àga tí mo jókòó lé. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi ni pé kí lọwọ́ ẹni yìí ṣe, ṣé ó gbá ilẹ̀kùn pa ni tàbí ó gbẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, agbára wo ló ní nínú ilé yẹn, ṣé ó lè sọ pé rárá kó sì sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ó tún yẹ kó wo ìgbà tó sọ òótọ́, torí ẹni tó sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì kó tó di pé ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn, kò yẹ kí wọ́n kà á mọ́ ẹni tí ẹ̀rí ká mọ́lé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Àti ẹbí kejì. Wọn kì í sábà rí àyè sọ̀rọ̀. Ìyá tí ọmọ ẹ̀ dàwátì, tó ń lọ mọ́ṣúárì dé mọ́ṣúárì, tó ń sanwó fún wòlíì àti babaláwo kí wọ́n bá òun rí i, tó jẹ́ pé aládùúgbò ẹ̀ tí wọ́n jọ ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà Àtakúnmọ́sà mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, tó sì ń kí i lójoojúmọ́, ó ń ní "Ọlọ́run á ṣe é". Ìyẹn ju pé wọ́n ran ọmọ wọn lọ́wọ́ kó sá lọ. Ìyà kejì ni wọ́n fi jẹ ẹni tó ti ṣòfò. Tó bá jẹ́ èmi ni adájọ́, gbogbo oṣù tí wọ́n fi jẹ́ kí ìyá yẹn máa wá ọmọ kiri, màá kà á, mi ò sì ní gbàgbé láti jẹ́ kóun náà sọ̀rọ̀ kí n tó dá iye ọdún.

Ṣé ibòmíì ń fìyà jẹ ẹbí báyìí?

Ó yàtọ̀ síra. Ní Jámánì, ẹni tó bá ran mọ̀lẹ́bí ẹ̀ lọ́wọ́ kó má jìyà, òfin ò fìyà jẹ ẹ́ lórí ìyẹn. Ilẹ̀ Faransé yọ òbí, ọmọ, ọmọ ìyá àti ọkọ tàbí aya sílẹ̀ tó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀daràn pamọ́. Ní Japan, adájọ́ lè forí jì wọ́n tó bá fẹ́. Ti Japan ló wù mí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí tí òfin bá yọ gbogbo ẹbí sílẹ̀ pátápátá níbí tí ẹbí ti tóbi tó sì lágbára báyìí, olórí ẹbí tó lówó ló máa jàǹfààní ẹ̀, kì í ṣe màmá tó tẹ̀ka.

Àdúgbò fẹ́ jó ilé wọn. Ṣé ẹ̀bi wọn ni?

Ẹ má ṣe é. Jíjó ilé èèyàn, ẹ̀wọ̀n gbére ni, ẹ̀rí tó wà nínú ilé yẹn á sì jóná mọ́ ọn.

Mo ti mọ̀ nǹkan kan báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fọ nǹkan kan, ẹ má gbé nǹkan kan kúrò níbi tó wà, ẹ má pa mẹ́sééjì kankan rẹ́ lórí fóònù. Tó bá jẹ́ wọ́n fipá bá èèyàn lò pọ̀, ilé ìwòsàn kọ́kọ́, Wesley Guild wà níbí, oògùn tó ń dènà HIV sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá ṣe tètè yá sí ló dáa sí. Tí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ewu, ẹ pe 112. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ́yà kẹ́ ẹ tó lọ téṣàn tí àyè bá wà, tówó ò bá sí, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà, ní ọ́fíìsì l'Óṣogbo, àwọn lọ́yà NBA (ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà) ẹ̀ka Iléṣà náà sì máa ń gba irú ẹjọ́ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà míì, ẹ béèrè. Béèlì téṣàn ọ̀fẹ́ ni o.

Tí mo bá jẹ́rìí, ṣé wọ́n á fi mí sílẹ̀?

Kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ẹ̀ fún yín, tí ọlọ́pàá kan bá ṣèlérí ẹ̀ ní kọ́ńtà ẹ má gbà á gbọ́. Àwọn tó ní àṣẹ láti pinnu ẹni tí wọ́n máa fi ẹ̀sùn kàn àti ẹni tí wọ́n máa lò bí ẹlẹ́rìí wà ní Mínísírì Ètò Ìdájọ́ l'Óṣogbo, lọ́dọ̀ DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń gbé ẹjọ́ ọ̀daràn lọ sí kóòtù. Lọ́yà yín lè kọ lẹ́tà sí wọn kí fáìlì tó dé kóòtù, kó ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ mọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n àti ìdí tẹ́ ẹ ò fi tètè sọ, kó sì so ìwé dókítà tàbí ẹ̀rí ìhàlẹ̀ mọ́ ọn tó bá wà. A ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ṣiṣẹ́ fún obìnrin kan tí ọkọ ẹ̀ máa ń lù, òun ló wá di ẹlẹ́rìí ìjọba tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ yẹn. Ẹ mú gbogbo ìwé tẹ́ ẹ bá ní wá, àní ìwé tẹ́ ẹ rò pé ó máa dá yín lẹ́bi, kí lọ́yà rí i kó tó kọ lẹ́tà náà.